Ìtàn Rivers Hoopers: wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n gba ojú fèrèsé wọlé

1/ Lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nílùú Kigali ní Rùwáńdà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kan láti Nàìjíríà na Cape Town Tigers ní 80–57. Ipò kẹta nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó dára jù ní Áfíríkà nìyẹn. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó dé ibẹ̀ rí nínú BAL. Mélòó nínú wa ló gbọ́? Ní Òkè-Ogbó níbí, bí Arsenal bá kan gbá ọ̀mì, gbogbo àdúgbò á ti mọ̀ kó tó di pé wọ́n fọn fèrè. Rivers Hoopers gba ipò kẹta ní Áfíríkà, a ò tiẹ̀ mira.

2/ Ìtàn ẹgbẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ fara balẹ̀ o, thread yìí gùn díẹ̀. Àwọn ọmọ ayò inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ wọn. Àwọn àgbà tó yẹ kó ṣe ọ̀nà fún wọn ló ń bá ara wọn jà. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju bọ́ọ̀lù lọ.

3/ Ká tibi ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1891 ni James Naismith dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield, Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Òtútù ń mú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò lè ṣeré níta, ló bá kan apẹ̀rẹ̀ èso mọ́ òkè, ó ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sínú ẹ̀. Ìdí tá a fi ń pè é ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Apẹ̀rẹ̀ gidi ni níbẹ̀rẹ̀, àwọ̀n tó wà níbẹ̀ báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

4/ Tí Yorùbá bá gbọ́ basketball, orúkọ kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde: Hakeem Olajuwon. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i ní 1963, àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ǹtì. Handball ló ń gbá tẹ́lẹ̀, ó sì tún máa ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti ń di géńdé kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1984, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú nínú draft NBA. Michael Jordan ńkọ́? Ẹnì kẹta. Ẹ jẹ́ kíyẹn wọ̀ yín lára ná.

5/ Ó gba ife NBA fún Houston Rockets ní 1994, ó tún gbà á ní 1995. Ògo ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ìtàn yẹn kọ́ wa láìmọ̀: pé tó o bá mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá, àfi kó o jáde nílé kó tó lè sọ ẹ́ di èèyàn. Láti ìgbà náà, bí ọmọ kan bá ga, tó sì lè fò, wọn kì í bi í pé ẹgbẹ́ wo lo fẹ́ gbá fún. Wọ́n á bi í pé ìgbà wo lò ń lọ sí Amẹ́ríkà.

6/ Ẹ wo D'Tigers, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa. Ní 2015, wọ́n na Àǹgólà ní 74–65, wọ́n sì gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Lóṣù Keje ọdún 2021, wọ́n na Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ní 90–87 nínú ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ ní Las Vegas. Gbogbo ayé pariwo! Àmọ́ òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà ti ń jẹun. Igi náà wà níbí, ìta ni èso rẹ̀ ń bọ́ sí.

7/ Àwọn ẹgbẹ́ ilé wa ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún àwọn obìnrin ní ẹ̀tọ́ wọn, torí wọ́n ti ṣe é kí àwọn ọkùnrin tó ronú rẹ̀. First Bank ní ẹgbẹ́ obìnrin kan l'Ékòó tí wọ́n ń pè ní Elephant Girls, torí àmì erin tó wà lára báńkì náà. Ní 2009, ní Kùtọnu, wọ́n gba ife àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà. Kùtọnu o, ẹ̀bá ilé wa níbí. Tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé ẹgbẹ́ Nàìjíríà ò lè gba ife Áfíríkà, ẹ fi erin hàn án.

8/ Ẹ wo ẹni tó ń náwó síbẹ̀: báńkì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tiwa kì í sábà jẹ́ òwò tó ń bọ́ ara rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ ti báńkì, tàbí ti ọlọ́pàá, tàbí ti ológun, tàbí ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tó ni ín ló ń sanwó oṣù, òun náà ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Tí inú rẹ̀ bá dùn, ẹgbẹ́ á jẹ iyán. Tó bá ní nǹkan mìíràn lọ́kàn, ẹgbẹ́ á gbààwẹ̀.

9/ Ibi tí Rivers Hoopers ti wọlé nìyí. Port Harcourt ni ilé wọn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers ló ni wọ́n. Royal Hoopers ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà. Orúkọ ìnagijẹ wọn ni Kingsmen, ìyẹn àwọn èèyàn ọba. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá Alfred Diete-Spiff ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nílé. Ẹ mọ Diete-Spiff? Gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers ni.

10/ Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn Hoopers wà lára ẹgbẹ́ tó lágbára nílé, pẹ̀lú Kano Pillars, Gombe Bulls, Kwara Falcons, Lagos Islanders àti àwọn yòókù. Tẹ́ ẹ bá ka orúkọ yẹn tán, ẹ máa rí i pé eré yìí kì í ṣe ti apá ibì kan nílẹ̀ yìí. Láti Kánò dé Ìlọrin dé Port Harcourt, wọ́n ń gbá a. Àwọn èèyàn wà. Ẹni tó máa tò wọ́n pọ̀ ni ìṣòro.

11/ Ọdún 2017 ni wàhálà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí gbogbo ayé. Èèyàn méjì ló ń pe ara wọn ní ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Nàìjíríà, ìyẹn NBBF: Musa Kida lápá kan, Tijjani Umar lápá kejì. Baálé méjì nínú ilé kan! Kída ni FIBA, àjọ àgbáyé, fọwọ́ sí níkẹyìn, ṣùgbọ́n ìjà náà ò tán nílẹ̀. Ẹ ṣáà fi orúkọ ọdún yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

12/ Lásìkò náà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ́ Kwesé ló ń náwó sí líìgì, orúkọ wọn ni wọ́n sì fi ń pe líìgì náà. Ní 2019, Rivers Hoopers gba líìgì. Ọdún 2019 yẹn kan náà ni Kwesé fúnra rẹ̀ kógbá wọlé. Ẹ rí i bí nǹkan ṣe rí? Ẹgbẹ́ gba ife, ẹni tó gbé ife kalẹ̀ sì ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa.

13/ Àmọ́ ife 2019 yẹn kì í ṣe ife lásán. Lóṣù Kejì ọdún náà, ní Charlotte ní Amẹ́ríkà, NBA àti FIBA kéde pé àwọn máa dá líìgì tuntun sílẹ̀ fún Áfíríkà: Basketball Africa League, BAL. Ẹgbẹ́ 12. Amadou Gallo Fall, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí NBA máa bá wọn dá líìgì sílẹ̀ lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà àti Kánádà.

14/ Apá tó dùn jù nìyí. Nínú ẹgbẹ́ 12 náà, mẹ́fà máa jà kí wọ́n tó wọlé. Mẹ́fà yòókù ò ní jà rárá: ẹni tó bá ti gba líìgì nílé rẹ̀, kó máa bọ̀ tààrà. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló ní àǹfààní yẹn: Àǹgólà, Íjíbítì, Mòrókò, Sẹ̀nẹ̀gàl, Tùnísíà àti... NÀÌJÍRÍÀ. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu fún wa, wọ́n tún tẹ́ ẹní. Rivers Hoopers, tó gba líìgì 2019, ló gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé.

15/ Oṣù Kẹta ọdún 2020 ló yẹ kí BAL bẹ̀rẹ̀ nílùú Dakar. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2020. Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé. Àwọn ọmọ ayò dúró ju ọdún kan lọ. Fún ẹni tó ń fi ara rẹ̀ jẹun, ọdún kan kì í ṣe nǹkan kékeré: orúnkún ò mọ̀ pé kòrónà wà, ọjọ́ orí ò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

16/ Ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, Kigali. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìtàn BAL. Ta ló gbá a? Patriots ti Rùwáńdà àti Rivers Hoopers ti Nàìjíríà. Nítorí náà, títí ayé, tẹ́nì kan bá ṣí ìwé ìtàn líìgì yìí, ojú ewé àkọ́kọ́ ló ti máa rí orúkọ Port Harcourt. Kò sẹ́ni tó lè pa ìyẹn rẹ́.

17/ Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ẹni tí ayé wá wò lọ́jọ́ náà? J. Cole. Bẹ́ẹ̀ ni, olórin J. Cole! Àwo rẹ̀ The Off-Season ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́jọ́ 14 oṣù náà, ọjọ́ 16 ló wọ aṣọ Patriots. Àmì 3, rebound 3, assist 2 ló ní lọ́jọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ló gba gbogbo orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn Hoopers tó wà lódìkejì rẹ̀, tí iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn, wọ́n di àwọn tí J. Cole gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú.

18/ Patriots na Hoopers ní 83–60. US Monastir ti Tùnísíà tún nà wọ́n. Wọ́n wá na GNBC ti Madagásíkà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n padà sílé láì dé ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ. Ben Uzoh tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní NBA rí wà nínú ẹgbẹ́ náà, síbẹ̀ kò tó. Zamalek ti Íjíbítì ló gba ife ọdún náà.

19/ Kí ló fà á? Ẹ má jẹ́ ká máa sọ pé ẹ̀mí àjẹ́. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù dà bí ọbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ àlejò lèèyàn ń kọ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń sè é. Àwọn ará Tùnísíà àti Íjíbítì ní líìgì tó ń lọ ní gbogbo ìgbà. Ọ̀sẹ̀ dé, wọ́n á gbá. Ọ̀sẹ̀ míì dé, wọ́n tún gbá. Tiwa ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dúró, ó ń yí orúkọ padà bí ẹni tó ń paarọ̀ síìmù. Èèyàn ò lè fi ìdánrawò ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá ẹni tó ń gbá ní gbogbo ọdún figẹ̀ wọngẹ̀.

20/ Ó wá di ọdún 2022. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà tún ní àǹfààní láti wọlé tààrà: Àǹgólà, Íjíbítì, Mòrókò, Sẹ̀nẹ̀gàl, Tùnísíà àti... Rùwáńdà. Ẹ tún un kà. Rùwáńdà ló jókòó sórí àga wa. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan nínú BAL ọdún yẹn rárá. Nàìjíríà tó ju èèyàn 200 mílíọ̀nù lọ, a ò rí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kó wọlé.

21/ Kí wá ni àwọn àgbà ń ṣe lọ́dún 2022 yẹn? Ẹ rántí pé mo ní ká fi 2017 sọ́kàn. Lóṣù Kìíní ọdún 2022, wọ́n tún dìbò lọ́nà méjì: ọ̀kan ní Benin, ibi tí Musa Kida ti wọlé, ọ̀kan l'Abuja, ibi tí Igoche Mark ti wọlé. Àjọ kan, ààrẹ méjì, lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹni pé wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lọ́dún márùn-ún márùn-ún.

22/ Lóṣù Karùn-ún, ìjọba Ààrẹ Buhari bínú, wọ́n ní Nàìjíríà ò ní kópa nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lágbàáyé fún ọdún méjì gbáko. Lóṣù Kẹfà, wọ́n yí ìpinnu náà padà. Ó ti pẹ́ jù. D'Tigress, àwọn obìnrin wa tó ti fi òógùn wọn gba ààyè nínú Ife Àgbáyé ní Sydney, pàdánù ààyè náà. Málì ni FIBA fi rọ́pò wọn.

23/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019 àti 2021, ilé ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń wo Ife Àgbáyé lórí fóònù. Kì í ṣe pé wọ́n nà wọ́n. Àwọn tó wọ agbádá ló jà, àwọn tó wọ ṣòkòtò péńpé ló jìyà rẹ̀. Nígbà tí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a, àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.

24/ Látìgbà yẹn, ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó bá fẹ́ wọ BAL ní láti gba ọ̀nà tó jìn, tí wọ́n ń pè ní Road to BAL. Á rin ìrìn àjò, á gbá àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, á ná owó tí ò yẹ kó ná. Ilẹ̀kùn ti tì, fèrèsé ló kù. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ojú fèrèsé náà wọlé ni ará ilé wa: Kwara Falcons ti Ìlọrin, ní 2023. Wọn ò kọjá ìpele àkọ́kọ́ ní Dakar, ṣùgbọ́n wọ́n dá orúkọ Nàìjíríà padà sórí àtẹ. Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Ìlọrin.

25/ Ní 2024, ó kan Hoopers. Wọ́n gba Road to BAL kọjá, wọ́n dé Dakar lóṣù Karùn-ún. Ẹ wo àwọn tí wọ́n bá pàdé: AS Douanes tó ni ilé, tó sì gbá àṣekágbá ọdún tó ṣáájú, APR ti Rùwáńdà, àti US Monastir, tó ti gba ife 2022. Gbogbo èèyàn ti ka Hoopers sí ẹni tó wá ṣe àlejò. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n gbá, wọ́n borí nínú mẹ́rin. Ipò KÌÍNÍ ni wọ́n gbà. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ nínú BAL.

26/ Nígbà tí wọ́n dé Kigali, ta ló tún dúró dè wọ́n? US Monastir! Àwọn tó nà wọ́n ní 2021, nílùú yìí kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Hoopers ló borí, Monastir ló di ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Al Ahly ti Benghazi ní Líbíà ló dá wọn dúró kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Wọ́n wá fi ìbínú yẹn na Cape Town Tigers ní 80–57. Petro de Luanda ló gba ife náà lọ́jọ́ kejì.

27/ Ẹni tó darí wọn ni Ogoh Odaudu. Òun náà ti wọ aṣọ D'Tigers rí. Òun ni kóòṣì wọn ní 2021 tí nǹkan ò dáa, òun náà ló wà níbẹ̀ ní 2024. BAL fún un ní àmì ẹ̀yẹ kóòṣì tó dára jù lọ lọ́dún náà. Nílẹ̀ tí wọ́n ti ń lé kóòṣì lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, àwọn Hoopers fi ẹnì kan sílẹ̀ kó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ẹ̀kọ́ kan nìyẹn tí ò ná wọn ní kọ́bọ̀.

28/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ nínú comment pé: "Ṣebí wọ́n kó àwọn ará Amẹ́ríkà wá gbá a fún wọn ni?" Òótọ́ ni pé Will Perry, ọmọ Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀. Devine Eke tí wọ́n tọ́ dàgbà lọ́hùn-ún náà wà níbẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ BAL ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òfin líìgì fàyè gbà á níwọ̀nba. Àmọ́ ẹ yí ọ̀rọ̀ náà padà kẹ́ ẹ wò ó: láti ìgbà Olajuwon, àwa là ń gbé èèyàn lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 2024, ọmọ Amẹ́ríkà ló wọkọ̀ wá jẹun ní Port Harcourt. Ẹ ò rí i pé nǹkan fẹ́ yí?

29/ Ní 2025, wọ́n tún padà. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn lásìkò náà. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta, Ààrẹ Tinubu kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ó ní kí Gómìnà Fubara lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà. Ẹ má gbàgbé pé ìjọba ìpínlẹ̀ yẹn ló ni ẹgbẹ́ náà o. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn Hoopers wà ní Rabat ní Mòrókò, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n tún kọjá, wọ́n dé Pretoria fún ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ti dúró.

30/ Ìyẹn ló mú mi kọ thread yìí. Ẹgbẹ́ tó dára tó báyìí, orí ẹsẹ̀ kan ló dúró lé. Tí gómìnà bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ó dáa. Tí gómìnà bá lọ, tí ẹni tuntun bá ní "kí nìyẹn wà fún?", ọ̀rọ̀ tán. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tó ń tà tó láti bọ́ wọn, kò sí tẹlifíṣọ̀n tó ń sanwó fún wọn bó ṣe yẹ, jẹ́ẹ̀sì wọn gan-an ṣòro rí rà. Ẹgbẹ́ tí ò bá lówó tirẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ì báà gba ipò kẹta ní Áfíríkà.

31/ Ẹ má sọ pé owó ìjọba burú lójú mi o. Petro de Luanda gba ife, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Àǹgólà, Sonangol, ló wà lẹ́yìn wọn. Rùwáńdà kọ́ gbọ̀ngàn ńlá tó ń gba èèyàn 10,000 ní Kigali, wọ́n ṣí i ní 2019, owó ìlú ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn yẹn fi owó ìjọba kọ́ nǹkan tó ń dúró: gbọ̀ngàn, líìgì tó ń lọ déédéé, ètò tí gbogbo èèyàn mọ ọjọ́ rẹ̀. Àwa ń fi tiwa ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Tí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, owó ti tán.

32/ Kí ló kàn wá nílé Ifẹ̀? Ó kàn wá o. Kò sẹ́ni tí ò mọ ọmọ kan tó ga ládùúgbò rẹ̀, tó ń ju bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tàbí ní pápá Yunifásítì. Àwọn òbí rẹ̀ ń bi í pé kí ni yóò fi í jẹ. Ṣáájú BAL, ìdáhùn kan ló wà: físà. Báyìí, ìdáhùn kejì wà, ó kéré, ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó wà: ó lè dúró nílẹ̀ Áfíríkà kó fi bọ́ọ̀lù jẹun, kó sì gba àmì ẹ̀yẹ níwájú ayé. Hoopers ló fi hàn wá. Tí fèrèsé yẹn bá tún tì, ọmọ yẹn ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

33/ Nítorí náà, ohun tí mo ní ká máa béèrè ò pọ̀. Líìgì tó bẹ̀rẹ̀, kó parí. Àjọ kan, ààrẹ kan. Àga tá a jókòó lé ní 2021, ká lọ gbà á padà, kí ẹni tó bá gba líìgì nílé máa wọlé tààrà bí ọmọ onílé. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó nílò iṣẹ́ ìyanu. Ìjà ló gbà á lọ́wọ́ wa, ìrẹ́pọ̀ ló lè dá a padà.

34/ Títí dìgbà náà, tí BAL bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ wá wọn wò. Ẹ mọ orúkọ wọn bẹ́ ẹ ṣe mọ orúkọ àwọn ará Chelsea. Ẹ bú wọn tí wọ́n bá gbá ìgbákúgbà, ẹ pariwo wọn tí wọ́n bá ṣe dáadáa, torí ẹgbẹ́ tẹ́nì kan ò bú, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó bá mọ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kan tó dáa ládùúgbò rẹ̀, kó sọ fún wa nísàlẹ̀ ibi tó ti ń gbá, ká lè lọ wò ó. 🏀